Omi Tí Mo Bù fún Àlejò

Èmi ni mo kọ́kọ́ hùwà òmùgọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì omi wá sí àdúgbò wa ní Kàbà. Wọ́n ń tún ìwé ètò ọ̀dá ṣe, pé àdúgbò tí kànga rẹ̀ bá ti gbẹ, ọkọ̀ táńkà yóò máa gbé omi lọ bá wọn.

Kànga tiwa ti gbẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n wọ́n wọlé, wọ́n kí mi bí a ṣe ń kí ara wa ní Kàbà, "Okun, ìyá." Ṣé kí n wá máa sunkún omi sí àlejò létí láì tíì fún un ní omi mu? Ojú tì mí. Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo lọ yá kẹ́ẹ̀gì omi kan lọ́wọ́ Monica, aládùúgbò mi. Wọ́n mu, wọ́n fi ṣan ẹsẹ̀, èmi náà fẹ ìdí sórí àpótí bí olorì. Ọmọ́níyì, ọ̀gá wọn, mu kóòpù méjì, ó fa bírò yọ.

Lọ́dún yìí, iwájú ilé wa ni táńkà ń gbà kọjá lọ sí àdúgbò mìíràn. Naomi, ìyàwó ọmọ mi, ń gbé oyún oṣù mẹ́jọ rìn lọ sódò. Ni àwa méjèèjì àti Monica bá gba ọ́fíìsì lọ.

Ọmọ́níyì ṣí ìwé. Ó ní omi wà ní àdúgbò wa, òun fúnra òun mu níbẹ̀, ó tutù dáadáa.

Mo dá a lóhùn: "Tí mo bá gbé iyán fún ọ, wàá kọ ọ́ pé ebi ò sí ní Kàbà? Kànga ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tí o jókòó sí, o ò dìde lọ wò ó. Ta ló tọ́ ọ tí o ò mọ̀ pé omi àlejò lè jẹ́ àyálò?"

Monica ní kẹ́ẹ̀gì òun ni, n kò sì tíì dá a padà. Mo ní kó panu mọ́.

Ọmọ́níyì ní ìwé ti lọ sí Lọ́kọ́ja, wọ́n ti fọwọ́ sí i, ó di ọdún márùn-ún kí àwọn tó tún un ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

Naomi fọwọ́ ti tábìlì.

"Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa bímọ, sà," ó ní. "Omi wo ni ká máa fi wẹ̀ ẹ́ títí ọdún márùn-ún yẹn á fi pé?"