Irin Tó Wà ní Itan Ẹfọ̀n

Ìlú kan wà tí kò sí lórí ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Ẹranko ló ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀, kó fi ẹ̀rín sílẹ̀ ná, nítorí èmi tí mò ń sọ ọ́, n kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Igbó Atóka lorúkọ ìlú náà. Erin ni ọba, Ìmàdò ni Ọ̀tún, Ẹfọ̀n sì ni Balógun. Abo ni Ẹfọ̀n yìí, ṣùgbọ́n ní Igbó Atóka, wọn kì í bèèrè akọ tàbí abo kí wọ́n tó fi ogun lé ẹni lọ́wọ́. Ìwo ni wọ́n ń wò.

Omi kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Odò ni nígbà òjò, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á fà sẹ́yìn títí yóò fi ku ibú kan péré lábẹ́ àwọn igi ńláńlá. Ìsun wà nísàlẹ̀ ibú náà, iyanrìn a sì máa dí i lọ́dọọdún. Àwọn baba ńlá wọn ti fi òfin lélẹ̀ pé bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, gbogbo ìjòyè ni yóò wọ inú ibú láti fi ẹsẹ̀ àti ìwo wa iyanrìn kúrò lẹ́nu ìsun fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Wọn ò fi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Ara ni ẹlẹ́rìí. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ọba á jókòó, ìjòyè á máa kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó walẹ̀, ikùn rẹ̀ á ti fà sẹ́yìn, itan rẹ̀ á ti le. Ẹni tí kò walẹ̀, ikùn rẹ̀ á máa mì lọ́tùn-ún lósì. Ìwora ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà.

Ìjòyè tí ikùn rẹ̀ bá mì, oyè rẹ̀ bọ́ nìyẹn. Òun àti ọmọ rẹ̀ á kó kúrò lábẹ́ igi létí ibú, wọn á lọ máa gbé inú ọ̀dàn gbalasa níbi tí ọdẹ ti ń rìn. Nítorí èyí, bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n wá ń rántí Ìwora ju ìwalẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìlú ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kì í ṣe tiwọn nìkan.

Ẹfọ̀n ti jẹ Balógun fún ọdún méje láìsí ẹni tó rí àbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, ọdẹ kan ká òun àti ọmọ rẹ̀ mọ́ etí ọ̀dàn. Ọmọ náà ò tíì já lẹ́nu ọmú. Ẹfọ̀n kọjú sí ọdẹ, ó ti rẹ ìwo sílẹ̀ láti kàn án, ló bá gbọ́ igbe ọmọ lẹ́yìn. Ó yí padà láti fi ara bò ó, ọfà sì wọ ẹ̀yìn itan rẹ̀. Wọ́n rí igbó sá wọ̀. Igi ọfà kán, irin kù sínú ẹran, irun sì hù bo ojú ọgbẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òfin Igbó Atóka le lórí èyí: Balógun tí ọgbẹ́ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, sísá ló sá, kò sì sí ẹjọ́ rírò níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni kò ti lè sáré bó ṣe ń sá a tẹ́lẹ̀. Itan yẹn gbẹ díẹ̀, ikùn rẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún yìí fẹ́, ó lọ sí ibú láti walẹ̀ ní àárọ̀ kùtù. Kò bá ìjòyè kankan níbẹ̀, ó sì rò pé òun ló tètè dé. Kò tíì wa iyanrìn jìnnà tí itan náà fi dá a dúró. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé, ó ń ro ọ̀dàn, ó ń ro ọmọ rẹ̀ tó ń fò kiri láìmọ nǹkan kan, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é.

Ìdí tí kò fi bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò ṣẹ̀yìn Òjìjí. Òjìjí ni ẹja dúdú tí kò ní ìpẹ́, tí ẹni tó bá fara kàn án á gbọ̀n títí dé eyín. Ó ti pẹ́ nínú ibú náà ju ọba lọ, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Ìgalà àgbà kan ló já sí ọ̀fìn lọ́dún kan, tí ó dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tí itan rẹ̀ gbẹ bí igi ìdáná. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ wá mumi, ó ṣèèṣì fara kan Òjìjí. Ẹran itan náà fò. Ìgalà kò mì ín, itan náà kàn ń mì fúnra rẹ̀ ni: iṣan á dì, á tú, á dì, á tú. Òjìjí rí i, àánú Ìgalà ṣe é, ó ní kó máa wá. Kí oṣù méjì tó pé, Ìgalà ti ń rìn. Gbogbo ìlú yọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yọ̀.

Ìmàdò ló kọ́kọ́ ronú pé ohun tó jí òkú itan á lè gbé ikùn tó sọ̀. Ó lọ dùbúlẹ̀ sínú omi, Òjìjí fara ti ikùn rẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí ọ̀pẹ kan bọ́ sórí èkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ, ó ń fi ọjọ́ méjì méjì sí i láàárín. Wọn ò fi abẹ kàn án, wọn ò fún un ní àgbo mu. Ara ń ro ó lọ́jọ́ kejì bí ẹni tó gun òkè, ṣùgbọ́n kò gun òkè kankan. Nígbà tó fi máa di Ìwora, ikùn rẹ̀ ti le, ọba sì yìn ín lójú gbogbo ìlú. Ẹ ò ní ṣàì mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ọdún kejì, ìyẹn ọdún yìí, ìjòyè tò lọ sọ́dọ̀ Òjìjí, kálukú pẹ̀lú ìdì ekòló tirẹ̀ lẹ́nu. Èmi ò bú wọn. Ta ni kò fẹ́ kí ara òun dára lójú ọba? Ta ló fẹ́ kó ọmọ lọ sínú ọ̀dàn?

Ẹfọ̀n náà gbé ekòló sẹ́nu, ó gba ibẹ̀ lọ. Òjìjí ki Balógun tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta tó máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wá: ṣé kò lóyún, ṣé àyà rẹ̀ kì í já lásán, ṣé kò sí irin lára rẹ̀. Ẹfọ̀n ní kò sí. Irọ́ kan péré ni, ó sì dùn ún bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, ikùn ni, nǹkan kan ò ṣe é. Kódà ara rẹ̀ fúyẹ́, ọmọ rẹ̀ sì ń fi imú gbá a níkùn, ó ń bi í léèrè ibi tí ikùn ìyá òun lọ. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti èṣí. Ìgbà kẹrin, tó ku ọ̀la kí Ìwora pé, ó ní kí Òjìjí bá òun wo itan náà. Bí Òjìjí ṣe fara tì í, irin inú ẹran gba iná. Ẹfọ̀n kígbe, ó fò jáde nínú omi, ó sì ṣubú sí etí ibú.

Òjìjí ò bínú. Ó gbé orí sókè, ó ní, “Balógun, irin ló dá mi lóhùn yẹn.”

Ẹfọ̀n sọ gbogbo rẹ̀, ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Òjìjí gbọ́ ọ dópin. Ó ní òun náà ní ohun tí òun ń pa mọ́.

“Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran,” ni Òjìjí wí. “Ẹ wo ẹ̀yìn mi, Balógun. Oṣù tó kọjá, omi bò ó. Lónìí, oòrùn ti ń pa á. Gbogbo iṣan tí mo jí fún wọn lọ́dún yìí, kò sí ọ̀kan tó wá síbí láti walẹ̀. Mo rò pé bí mo bá fún wọn lágbára, wọn á lò ó ni. Èmi ni mo ṣe é, èmi náà ni yóò sì kọ́kọ́ pa.”

Ìgbà yẹn ni Ẹfọ̀n tó wo ibú dáadáa. Ibi tí omi ti máa ń dé àyà rẹ̀, kò ju orúnkún lọ mọ́. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò ní pé oṣù kan tí omi yóò fi tán. Ó sì mọ èkejì: bí òun bá sọ ọ́ níwájú ọba pé kò sẹ́ni tó walẹ̀, wọn á bi òun léèrè ìdí tí òun náà kò fi walẹ̀, òun á sì ní láti fi itan hàn.

Ọjọ́ Ìwora pé. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní gbàgbé rẹ̀. Ìjòyè ń kọjá, ara wọn ń dán, kò sí ikùn kan tó mì. Ojú Erin ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ó ń mi orí, ó ní láti ìgbà tí òun ti gorí ìtẹ́, òun ò rí ọdún tí ìlú le tó báyìí. Ìmàdò bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde.

Ó ní, “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ara ni ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí sì ti sọ̀rọ̀. Ẹ wo àwọn ìjòyè yín. Ìlú tí ara ìjòyè rẹ̀ le báyìí, kí ni ẹ̀ẹ̀rùn lè fi í ṣe? Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Mo rí i pé Balógun ń tiro. Kí Kábíyèsí wádìí itan rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ bọ́. Gbogbo ojú yí sí Ẹfọ̀n. Ó rí ọmọ rẹ̀ lábẹ́ igi, níbi tó tutù jù lọ. Síbẹ̀, ó jáde.

“Kábíyèsí, ẹ̀yin ìgbìmọ̀,” ni Ẹfọ̀n wí, “Ọ̀tún ò purọ́ mọ́ mi. Irin ọfà wà ní itan mi, ẹ̀yìn ló sì gbà wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ gba oyè, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà á, ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibú. N kò walẹ̀ lọ́dún yìí ju ìlàjì ọjọ́ kan lọ, nítorí itan yìí. Mo ń bi àwọn tí itan wọn le: ta ló walẹ̀? Ara wa ń jẹ́rìí iṣẹ́ tí a kò ṣe. Omi ti ń tán.”

Àwọn ìjòyè ń wo ilẹ̀. Ìmàdò nìkan ló ní òfin ni òfin, ọgbẹ́ ẹ̀yìn ni ọgbẹ́ ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Erin dìde. Ó na ọwọ́ìjà rẹ̀ sí itan Ẹfọ̀n, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi kan ohun líle tó wà lábẹ́ awọ. Ó bi í pé, “Nígbà tí ọfà ń bọ̀, níbo ni ọmọ rẹ wà?”

“Ẹ̀yìn mi ni, Kábíyèsí. Mo yí sí i.”

Erin wá kọjú sí ìgbìmọ̀. “Ibi tí ọmọ wà ni iwájú,” ló wí. “Balógun yìí, iwájú ló kọjú sí.” Kò tún sọ ohun mìíràn lórí rẹ̀. Ó bọ́ sọ́nà ibú, gbogbo ìlú sì tẹ̀ lé e.

Wọ́n bá Òjìjí nínú ẹrẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Erin fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ iyanrìn. Kí n sọ òótọ́ fún yín, ara tó le yẹn wúlò: iyanrìn ń fò. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì ṣe é fún wákàtí kan tí èémí fi tán nínú wọn, nítorí Òjìjí jí iṣan fún wọn, kò kọ́ àyà wọn ní iṣẹ́. Ìmàdò jókòó sílẹ̀, pátákò rẹ̀ bó. Kò tún mọ ibi tí ẹnu ìsun wà mọ́. Ẹfọ̀n ló mọ̀ ọ́n. Ó ń tiro kiri láàárín wọn, ó ń fi ìwo tọ́ka sí ibi tí wọn yóò wa, ó sì ń wa tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgalà àgbà ń fi ẹnu bu omi tó kù sí ẹ̀yìn Òjìjí. Ọjọ́ kẹsàn-án ni omi yọ. Nígbà tí omi náà kan Òjìjí, ó ta pọ́nún, gbogbo àwọn tó dúró sínú omi sì gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ọba àti Ìmàdò. Itan Ẹfọ̀n gbóná fún ìṣẹ́jú kan. Kò pariwo.

Títí di òní, ẹni tó bá já sí ọ̀fìn ní Igbó Atóka ṣì ń lọ sọ́dọ̀ Òjìjí, abiyamọ tí ikùn rẹ̀ sọ̀ náà ń lọ bó bá wù ú, ẹnikẹ́ni kò sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣì ń ṣe Ìwora pẹ̀lú. Mo dé ibẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìjòyè tò, ara kan dán, ara kan kò dán. Ẹfọ̀n dúró láàárín wọn, ikùn rẹ̀ ti tún sọ̀, ọmọ rẹ̀ tó ti ń hu ìwo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Erin gba iwájú wọn kọjá láìwo ẹnì kankan, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí ibú, ó sì ti ọwọ́ìjà bọ omi láti mọ bó ṣe jìn tó.