Rọ́bà Mọ́tò Ìyá Ìyàwó

Láti ìgbà tí ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe, tí wọ́n ń pè ní onífíríìjì, ti gbé ìyàwó, òun àti ìyá ìyàwó rẹ̀ kò tíì dá wà pọ̀ níbì kan rí. Kì í ṣe pé wọ́n ń jà. Bí ó bá ní ohun tó fẹ́ sọ fún Màmá, ìyàwó rẹ̀ ni yóò rán. Bí Màmá bá fẹ́ fèsì, ọmọ rẹ̀ ni yóò kọjú sí. Ìyàwó di ògbufọ̀ láàárín ẹni méjì tó ń sọ èdè kan náà.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, bó bá sì wo èèyàn, onítọ̀hún á rò pé òun ti ṣàìsàn. Onífíríìjì, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, a máa ya odi tó bá ti fojú kàn án.

Ní àárọ̀ Sátidé kan tí ìyàwó wà níbi iṣẹ́, Màmá fúnra rẹ̀ pe ọkùnrin náà lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ó ní tí òun bá ti dé ẹsẹ̀ òkè tó lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n òun, ńṣe ni mọ́tò náà ń wọ́ bí ìgbín, tí nǹkan sì ń ṣe ṣììì níwájú rẹ̀. Mẹkáníìkì kan ti sọ pé túbò ló kú, ìyẹn ohun tó máa ń fi ipá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí mọ́tò lè lágbára, pé kí òun kúkú tà á. Òun kò sì fẹ́ tà á. Fíríìjì ni ọkùnrin náà mọ̀, kò mọ mọ́tò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni yóò fi sọ ìyẹn fún ìyá ìyàwó? Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì náà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó gbọ́ ohun tó ń ṣe ṣììì. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, torí tó bá jẹ́ ti ká wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó mú rọ́bà gígùn kan, ó fi orí kan há etí, ó wá ń fi orí kejì tọ inú ẹ́ńjìnnì kiri. Màmá sún mọ́ ọn láti wò ó.

Ó tọ ìró náà lọ dé ìdí rọ́bà dúdú kan tí kò ju ìka lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ túbò, èyí tí túbò fi ń ṣiṣẹ́. Òkè rẹ̀ dára. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ojú kò tó. Ó nílò ẹni tí yóò bá a tẹ tíróòtù kí ẹ́ńjìnnì lè sáré. Ó wo òpópónà síwá sẹ́yìn, kò rí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ló sọ, "tí kò bá ní ni yín lára, bóyá kí ẹ bá mi jókòó sínú mọ́tò, kí ẹ rọra fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mà."

Màmá jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó tẹ ẹyin. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi díẹ̀ kún un. Kó tó bẹ̀bẹ̀ tán, Màmá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ọ̀wọ̀ pọ̀, iṣẹ́ ò lọ.

Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ bọ́ sórí ibi tó ya gan-an, afẹ́fẹ́ fa ìka náà mọ́ra. Ó gbàgbé ẹni tó wà nínú mọ́tò.

"Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́ dáadáa! Má fi sílẹ̀, mo ní má fi sílẹ̀!"

Màmá tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, ibi tó ya náà la ẹnu bí ètè, ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ìgbà yẹn ni ohun tí ọkùnrin náà sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé etí òun fúnra rẹ̀. Ó ti bá ìyá ìyàwó sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ iṣẹ́ wí. Ó yọ orí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òógùn bò ó. Màmá ṣì tẹ tíróòtù mọ́lẹ̀.

"Ṣé kí n fi sílẹ̀ báyìí?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, mà. Ẹ má bínú, mà, mi ò mọ ìgbà tí…"

"Nínú yàrá ìgbẹ̀bí, tá a bá ń sọ fún aboyún pé kó tì í, a kì í fi ẹ jọ̀ọ́ kún un." Màmá pa ẹ́ńjìnnì. "Mo ti ń rò ó pé o ò fẹ́ràn mi ni. O kì í bá mi sọ̀rọ̀."

Onífíríìjì ní ohun tí òun náà ń rò nípa Màmá nìyẹn, pé wọn ò fẹ́ràn òun. Màmá wò ó títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ki, tí kò bá ara rẹ̀ tó tín-ín-rín mu.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ọkùnrin náà fi púláyà tú kílíìpù orí rọ́bà náà. Ooru ti jẹ ẹ́ gbẹ, ó ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bíi bisikíìtì. Ó gé rọ́bà funfun kan nínú àpótí rẹ̀ tó bá a gùn dọ́gba, ó fi dípò. Wọ́n gbé mọ́tò jáde, wọn ò tíì rin jìnnà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ooru ti mú rọ́bà tuntun náà rọ̀, ẹ́ńjìnnì sì ti fà á pẹlẹbẹ. Ọkùnrin náà gbà láìjanpata pé ohun tí wọ́n ṣe fún òtútù kò lè gbé ooru. Màmá ní kí wọ́n lọ ra èyí tó yẹ ẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń rọra lọ, Màmá ń bi í nípa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó sọ ti oníbàárà kan tó gbé fíríìjì wá pé kì í tutù mọ́, tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló yọ wáyà rẹ̀ láti fi ṣaájì fóònù. Màmá náà sọ ti bàbá kan tó dákú níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń rọbí, tí ìyàwó bímọ tán tí wọ́n ṣì ń fẹ́ ọkọ ní abẹ̀bẹ̀.

Ẹni tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò gbé rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wá lákọ̀ọ́kọ́. Onífíríìjì fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó dá a padà, ó ní èyí tí ara rẹ̀ nípọn tó sì gbóoru ni òun ń fẹ́. Wọ́n dúró lábẹ́ ibòji títí ẹ́ńjìnnì fi tutù, ó wá ki rọ́bà náà bọ ibẹ̀, ó sì fi kílíìpù tuntun dè é. Màmá ti wà nídìí ọkọ̀ kó tó pè é.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì kùn, kò gbọ̀n mọ́, nǹkan kan ò sì ṣe ṣììì.

Mọ́tò náà gun òkè bí ẹni tí wọ́n ń tì lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n Màmá jókòó lójúde, ẹnu yà á, torí ó ti pẹ́ tí ó ti rí àbúrò rẹ̀ mọ. Ó fún wọn ní omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn ará àdúgbò. Ìtàn náà ò tíì dé ìdajì tí Màmá fi sùn lọ sórí àga. Onífíríìjì kò jí i. Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀gbọ́n Màmá, ó ní kí wọ́n máa bá ìtàn wọn lọ.