Ilé Tí Màmá Ń Bú

Kí ló tún dé tí Màmá ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ ilé tí a wá rà yìí? Ilẹ̀ yẹn dáa. Ilẹ̀ yẹn dáa gan-an ni! Mo ń sọ fún ara mi: Thoa, dákẹ́. Má rẹ́rìn-ín.

Yàrá wà nísàlẹ̀ fún Màmá, ìyá ọkọ mi, kò ní máa gun àtẹ̀gùn kankan. Òkè fún èmi àti Khiêm ọkọ mi, orí tiwa fún àwọn ọmọ. Pálọ̀ iwájú yìí wá ńkọ́ — kò sí yàrá lórí rẹ̀, òrùlé nìkan ni! Ìsàlẹ̀ níbí la máa gbé pẹpẹ àwọn baba ńlá sí, ẹnikẹ́ni ò ní máa rìn lórí wọn. Gbogbo ilé tóóró tí a ń rí nílùú Cần Thơ, òkè téńté ni pẹpẹ máa ń wà. Ta ni yóò máa pọn Màmá gòkè láràárọ̀ lọ tan tùràrí? Àmọ́ èyí... àfi bíi pé àwọn òkú wa ló kọ́ ọ.

Màmá sì ń bú u.

"Ilé ìdáná yìí ṣókùnkùn bí inú ẹja."

Lójú onílé! Ọ̀gbẹ́ni Tường ń rẹ́rìn-ín músẹ́, etí rẹ̀ ti pọ́n. Ògiri ló wá kàn. "Ta ló rẹ́ ògiri yìí? Ọ̀mùtí?"

Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá kọ èyí, etí odò lẹ tún ń padà sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń ya sínú omi. Odò ti gbé ilé ìdáná yín lọ, ìkòkò, àdògán, gbogbo rẹ̀. Yàrá tí ẹ ń sùn sí nìkan ló kù. Khiêm ní, "Bí kò bá fẹ́, mi ò lè fipá gbé ìyá mi." Ó fẹ́... kò fẹ́... ta ló mọ inú Màmá?

Ilé àkọ́kọ́ tí a wò, kò bú u. "Ó dáa. Ó rẹwà." Ìkejì náà: "Ó dáa, ẹ ṣeun o." Ó wọ bàtà rẹ̀. Inú mi ń dùn, mo rò pé ó ti tán — a ò tíì dé ìkóríta tí Màmá fi ní ká má dárúkọ ilé ọ̀hún mọ́. Èyí nìkan ló ń...

Dúró ná.

Ọjà orí omi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ nígbà yẹn, èmi ni mò ń tukọ̀, òun ló ń ra ẹja. Ẹja tí kò bá fẹ́, á kí ẹni tó ń tà á tẹ̀rín-tọ̀yàyà, a ó kọjá. Ẹja tó bá wọ̀ ọ́ lójú — háà! "Ṣé ẹja nìyí àbí pàǹtí? Wo ojú ẹ̀! Ṣé ìwọ náà lè jẹ ẹ́?" Á gbé e, á sọ̀ ọ́ sílẹ̀, á tún gbé e... A kì í fi irú ẹja bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ.

"Ibí yìí ló tiẹ̀ burú jù!" Ọ̀pá rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀, ibi gẹ́lẹ́ tí mo ti fojú yàn fún pẹpẹ. "Oòrùn àárọ̀ á máa wọ àwọn baba ńlá mi lójú. Wọn ò ní lè sùn!"

Àwọn baba ńlá mi. Níbí.

Ó ti kó wọn wọlé.

Má rẹ́rìn-ín, Thoa. Ọ̀gbẹ́ni Tường ń wo ojú ẹ. Mo fajú ro. Mo yọ ṣùtì ètè. Mo na ìka sí fèrèsé tó rẹwà jù lọ láyé.

"Màmá, ẹ wá wo tibí! Ṣé fèrèsé nìyí àbí ihò èkúté?"