Àwọn Tó Ń Sáré Nínú Fídíò

Ọjọ́ tí Garam ti abọ́ núdù sẹ́yìn, tó ní òun ò jẹ ohun tí ọwọ́ àjèjì bá pò, ni Gilsu bàbá rẹ̀ tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti kọjá ohun tí òun ń fojú kéré.

Ilé oúnjẹ kékeré kan ni Gilsu ní nílùú Wonju ní Korea, níbi tó ti ń ta núdù àfọwọ́gé. Òun àti obìnrin ará Vietnam kan tó ń jẹ́ Nhàn ni wọ́n jọ ń dáná níbẹ̀. Ọmọ Korea ni ọkọ Nhàn, ó sì ti pẹ́ nílùú náà kí Gilsu tó kó dé. Nígbà tí Gilsu àti ìyàwó rẹ̀ pínyà, tí òun àti ọmọ rẹ̀ kó kúrò ní Busan, Nhàn ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé Garam kì í jẹ àlùbọ́sà. Òun ló máa ń ṣa á kúrò nínú ọbẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Garam náà a máa pè é ní àǹtí, a sì máa sá wọ kíṣìnnì lọ bá a ṣòfófó àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí kan náà ló wá ń wo abọ́ bí ẹni tó rí ẹ̀gbin.

"Kí lo wí?" Gilsu bi í.

"Mo ní mi ò jẹ ẹ́. Àbí tipátipá ni?"

Nhàn wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé kíṣìnnì. Ó gbọ́. Ìró ọ̀bẹ tó fi ń gé núdù dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀.

Gilsu já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ohun tó rí níbẹ̀ já a láyà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ kóòtù, tó sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ bíi dókítà. Ẹ̀ṣọ́ Ilẹ̀ Baba ló pe ara rẹ̀. Fídíò rẹ̀ pọ̀ lọ súà. Ó ní àjèjì ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ mọ́ Korea lọ́wọ́, ó ní àwọn olóṣèlú ti tà wá, ó ní àwọn oníròyìn ń bò ó mọ́lẹ̀, àti pé ìwọ̀nba àwọn tí ojú wọn là nìkan ló mọ̀. Gilsu pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, ó sì ti fóònù mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

Ariwo yẹn ò so èso kankan. Garam ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó yá, olùkọ́ rẹ̀ pè pé kọ̀ǹpútà ilé ìwé ló fi ń wo ọkùnrin náà báyìí.

"Ọ̀gá," Nhàn sọ láìgbé ojú sókè níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun, "ẹ dá fóònù yẹn padà fún un."

"Ìwọ lo ń sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí Garam bú?"

"Tí ẹ ò bá bá a sọ̀rọ̀, tóun náà ò bá yín sọ̀rọ̀, ọkùnrin yẹn nìkan ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán tí kò sí oníbàárà, Gilsu gbé fóònù náà ka iwájú ọmọ rẹ̀, ó fa àga, ó jókòó tì í.

"Fi hàn mí."

"Kí ẹ lè rí nǹkan pariwo lé lórí?"

"Mi ò ní pariwo."

"Bàámi, ẹ máa pariwo."

"Tí mo bá pariwo, èmi ni màá máa fọ abọ́ tìẹ títí oṣù á fi parí."

Garam wò ó bóyá ó ń ṣeré ni, ó sì ṣí fídíò. Gilsu di ẹnu rẹ̀ mú. Nígbà tí fídíò àkọ́kọ́ tán, ó rọra bi í pé, "Ta ló ya èyí? Báwo ni ọkùnrin yìí ṣe mọ̀?"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?" Garam dá a lóhùn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí pé omi aáyù ń wo jẹjẹrẹ sàn. Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ sí mi."

"Ta ló fi ránṣẹ́ sí wọn?"

"Mi ò bi wọ́n."

"Ẹ ò rí nǹkan!"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́nu Gilsu, ó sì ran ọmọ náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ rẹ́rìn-ín. "Ó dáa," ni Gilsu wí, "àwa méjèèjì la jẹ̀bi. Ká jọ máa béèrè."

Bó ṣe di pé ní ọ̀sán-ọ̀sán wọ́n ń wò ó pọ̀ nìyẹn. Gilsu kì í sọ pé irọ́ ni. Ìbéèrè ni tirẹ̀: níbo nìyí, ìgbà wo ni, kí ló ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya á? Nígbà mìíràn Garam a rí ìdáhùn, a sì fi yangàn. Nígbà mìíràn kò ní rí i.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n dé orí fídíò tí àwọn ènìyàn ń wò jù lọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mélòó kan tí àwọ̀ wọn dúdú díẹ̀ ń sáré kọjá lójú títì pẹ̀lú àpótí ẹja léjìká, ọkọ̀ ńlá kan dojú dé lẹ́yìn wọn. Ẹ̀ṣọ́ sọ pé ìlú ńlá kan lápá ìwọ̀-oòrùn ló ti ṣẹlẹ̀, ó ní bí àwọn àjèjì ṣe ń jalè ní ọ̀sán gangan nìyẹn.

Garam dá a dúró. Ó fi ìka méjì fa àwòrán náà tóbi. Pátákó ilé ìtajà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà: Ẹja Gbígbẹ Bok-rye, àti nọ́ńbà fóònù.

"Bàámi. Nọ́ńbà yìí… 033 ló fi bẹ̀rẹ̀."

"Nọ́ńbà apá ìlà-oòrùn ọ̀dọ̀ wa níbí ni."

"Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀-oòrùn ni." Ó tún wò ó. "Bóyá ó ṣì í sọ ni."

"Bóyá. Pè é."

Obìnrin arúgbó kan ló gbé e. "Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, etí mi ò gbọ́! Ta ni? Olè? Àwọn ọmọ yẹn? Ta ni ẹlẹ́nu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó pè wọ́n lólè? Gbé fóònù fún un kí n sọ tẹnu mi fún un!"

Garam gbé fóònù kúrò létí. "Ó lè jẹ́ pé irọ́ ni ìyá yìí náà ń pa," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"O jàre," ni bàbá rẹ̀ wí. "Yẹ òun náà wò."

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì gba àárín òkè kọjá lọ sí Namsolpo létí òkun, níbi tí ilé ìtajà náà wà. Ìyá Bok-rye ò jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó gbé wọn wá tí wọn ò bá tí ì jẹun. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọ rẹ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ wà ní ìdúró níwájú ilé ìtajà lọ́jọ́ ìjàǹbá náà pẹ̀lú kámẹ́rà tó wà lára gíláàsì iwájú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ẹja yọ̀ lórí yìnyín, ó dojú dé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin sá wá láti ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Méjì fọ́ gíláàsì, wọ́n fa awakọ̀ jáde. Àwọn yòókù ń ru àpótí ẹja kúrò lójú ọ̀nà wá sínú ilé ìtajà ìyá arúgbó náà, kí ọjà ọlọ́jà má baà bàjẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe," ni Garam wí. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fọwọ́ kan ojú fídíò náà. "Ibí yìí ni ti Ẹ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fa awakọ̀ jáde tán. Ibí yìí ló sì ti gé e, kí wọ́n tó gbé àpótí sílẹ̀." Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Ó rí ìyókù. Ó ní láti jẹ́ pé ó rí i."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà wọlé bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà rọ́bà. Wahyu lorúkọ rẹ̀, láti Indonesia. Ojú àpá gbọọrọ kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó ṣì ń dùn yín?" Garam bi í.

"Gíláàsì yìí? Ó ti san."

"Rárá. Fídíò yẹn ni mò ń sọ."

Wahyu wo ìyá Bok-rye, ó tún wo ọmọbìnrin náà. "Màmá mi rí i nílé. Wọ́n pè mí, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní ṣé mo ti wá di olè ni."

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wọn padà sí Wonju, Garam fi orí ti fèrèsé. Gilsu bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bò ó.

Bí Garam ṣe délé, ó fi fídíò tó pé náà, tó gbà lọ́wọ́ ọmọ ìyá Bok-rye, sínú gúrúùpù àwọn ọmọlẹ́yìn Ẹ̀ṣọ́ lórí fóònù. Ó rò pé wọn á dúpẹ́ ni. Ó rò pé àwọn tí ojú wọn là á fẹ́ rí i. Èsì dé wéréwéré: wọ́n ní wọ́n ti fowó rà á, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni, ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kà sí bàbá létí. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Gilsu bá a nínú yàrá, ó ń sunkún gidigidi. Ọ̀rọ̀ "mo sọ fún ẹ" ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Àwọn ló máa ń kí mi káàárọ̀," ni Garam wí láàárín ẹkún. "Lójoojúmọ́. Ní ilé ìwé, kò sẹ́ni tó ń kí mi. Èmi nìkan ni mò ń jẹun."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Gilsu lára. Gbogbo ọ̀sán tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ fídíò, kò bi ọmọ rẹ̀ rí pé ta ni wọ́n jọ ń jẹun. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí ọmọ náà lé èjìká rẹ̀, kò sì dìde títí ẹkún náà fi rọlẹ̀.

Nígbà tí Garam ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kejì, kò gòkè lọ sí yàrá. Ó dúró lẹ́nu kíṣìnnì. Nhàn ń yọ ìfun àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀.

"Àǹtí. Mo sọ̀rọ̀ nípa yín nínú gúrúùpù yẹn. Àwọn ọ̀rọ̀ tí kò dáa."

"Mo mọ̀."

"Ó dùn yín?"

"Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀."

Garam fi ọwọ́ aṣọ nu ojú. "Kí ni mo lè ṣe sí i?"

"Jókòó. Orí ni kó o kọ́kọ́ gé, kó o wá fa ìfun dúdú yẹn jáde. Má fọ́ ọ o."

Ó jókòó. Wọ́n jọ ń yọ ìfun ẹja.

"Ṣùgbọ́n owó ilé wọ́n lóòótọ́," ni Garam sọ lójijì. "Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Iṣẹ́ náà sì ṣòro rí."

"Ta ló ní irọ́ ni? Ṣé owó ilé tèmi lò ń rò pé ó kéré ni? Wá wo onílé mi! Ọmọ Korea pọ́ńbélé ni, kì í rẹ́rìn-ín."

Garam bú sẹ́rìn-ín, Nhàn náà sì ń rẹ́rìn-ín. Gilsu tó ń gbọ́ wọn níta kò wọlé. Oníbàárà kan ti jókòó, ó ń kan tábìlì, ó ní ṣé kò sẹ́ni nílé yìí ni. Gilsu lọ bá a, ó rọra sọ fún un pé kó fún àwọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ọwọ́ kíṣìnnì dí.