Bàbá Onílé Ni Wọ́n Fẹ́ Gbà Síṣẹ́

Gbogbo ilé alájà mẹ́ta náà ló ń pè é ní Oníkọ́kọ́rọ́, torí ìró kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibikíbi. Òun ló ń bá bàbá onílé bójú tó ilé ọ̀hún, títí dórí ihò eku. Ní báyìí, bàbá ti tà á, ẹni tó rà á sì fẹ́ wó o. Iṣẹ́ bọ́, yàrá tí òun àti ìyá ìyá rẹ̀ ń gbé nísàlẹ̀ náà ń bọ́ lọ. Àfi kó tètè rí iṣẹ́ tó ní ibùgbé nínú. Ó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ kan tó ń mójú tó ilé fún àwọn onílé. Níbi tó ti ń ká aṣọ ni fóònù rẹ̀ dún.

"A ti ka ìwé yín, mà," ni obìnrin kan wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá onílé inú rẹ̀ yẹn wù wá. Ṣé ẹ lè bá wa béèrè bóyá ó ń wá iṣẹ́?"

Ìyá àgbà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ẹ gbà mí, kí n má tọ̀ sára. Ọmọ ọmọ mi ti wáṣẹ́ fún arúgbó. Kà á kí n gbọ́, jàre."

Ó kà á. Bàbá onílé tún òrùlé ṣe. Bàbá onílé parí ìjà àwọn ayálégbé. Bàbá onílé kò jẹ́ kí omi dá.

"Bàbá tó jẹ́ pé ènìyàn méjì ló ń gbé e dìde lórí àga, òun ló gun òrùlé?"

"Ìyá àgbà, òun ló nilé. Bí mo bá ń yin ara mi, wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

"Èmi náà lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ ni mo fi ń sọ fún bàbá ńlá rẹ pé mo ti yó, títí ó fi jẹ ẹran mi tán. Ní báyìí tí mo láyè ẹran, eyín ò sí. Ẹni tí wọ́n fi joyè àwòdì, tó sì gbé adìẹ, ṣé ẹlòmíràn ni yóò ní ó gbé e?"

Síbẹ̀, ọkàn Oníkọ́kọ́rọ́ kò gbà á láti yọ orúkọ bàbá kúrò láìsọ fún un. Ó mú ìwé náà tọ bàbá lọ. Bàbá fi awò sójú, ó kà á, ó ń mi orí.

"Mi ò mọ̀ pé mo ṣì lágbára tó báyìí. Ta ló ní kí aránṣọ tẹ́ ẹní sábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, kí ọmọ tuntun ìsàlẹ̀ lè sùn?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló ń yẹ òrùlé wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀?"

"Èmi náà ni."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fi èmi sí ìdí ìwé, kí wọ́n lè pè mí. Ẹ̀rí nìkan ni orúnkún mi lè jẹ́ báyìí."

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ló jókòó sí tó fi tún un kọ. Lọ́jọ́ kejì tó fi ránṣẹ́, obìnrin náà tún pè.

"Nínú ìwé àkọ́kọ́, bàbá ló tún òrùlé ṣe. Eléyìí ní ẹ̀yin ni. Èwo ni ká gbà?"

"Èmi ni mo gùn ún, mà. Bàbá ló ni àkàbà."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ti bi bàbá, ọ̀rọ̀ bára mu. Kó máa bọ̀ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, yàrá méjì wà fún un lẹ́nu géètì.

Ìyá àgbà béèrè bóyá ibẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Oníkọ́kọ́rọ́ ní kò ní.

"Ó ṣeun," ni ìyá àgbà wí, ó na ọwọ́ sí ìkòkò tí wọn yóò kọ́kọ́ dì. "Ìdí mi yìí ti kọjá ohun tí ń gòkè."