Ìbéèrè Méje Nípa Àbúrò Kan

"Mà, ta ni àbúrò yín yìí?"

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìgbaradì ìdánwò ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ ìwé ìdánrawò ọ̀sẹ̀ náà sórí tábìlì, ó sì ti fi báírò yí nọ́ńbà méje ká nínú ogójì. Ìyá Kò-Sáṣìṣe wọ awò ojú rẹ̀, ó ń wo ìwé náà bí ẹni tí kò rí i rí.

"Àbúrò wo, ọ̀gá?"

"Ohun tí mo ń bi yín nìyẹn. Nọ́ńbà kẹta, àbúrò kan ò wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Nọ́ńbà kọkànlá, àbúrò yẹn náà ló ń wẹ ìyá wọn nígbà tí ìyá ń ṣàìsàn. Nígbà tó di nọ́ńbà kẹrìnlélógún, ẹ̀gbọ́n gbé fóònù láti pè é, ó tún gbé e sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ ọ́ di ìtàn, mà. Kí wọ́n tó wá àṣìṣe, àbúrò ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Lánàá, ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá wọ́n máa parí ìjà náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rín in, ó dákẹ́.

"Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ yín dáa, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ìdánwò ò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ nípa omi tó ń hó, oòrùn tó ń yọ, ọkọ̀ ojú irin tó pẹ́ kó tó dé. Ẹ bá mi fi òmíràn rọ́pò méje yẹn kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá."

Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyí láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Nínú ìdánwò náà, wọ́n máa ń gé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀nà mẹ́rin, akẹ́kọ̀ọ́ á wá sọ ọ̀nà tí àṣìṣe wà. Bí gbogbo rẹ̀ bá gún, á mú lẹ́tà karùn-ún, tó túmọ̀ sí pé kò sí àṣìṣe. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fún un ní orúkọ Ìyá Kò-Sáṣìṣe. Òun ló ń kọ àwọn gbólóhùn náà, ogójì lọ́sẹ̀. Á kọ́kọ́ kọ èyí tó dára, á wá rọra bà á jẹ́ níbì kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń tú ojú rírán kan lára aṣọ tuntun.

Ogójì lọ́sẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èèyàn á kọ nípa oòrùn títí, oòrùn á sú u. Kò bímọ, ọkọ rẹ̀ ti kú. Àbúrò rẹ̀ nìkan ṣoṣo ló kù fún un láyé, ọ̀rọ̀ àbúrò náà ló sì ń bọ́ sórí ìwé. Àádọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí ẹnikẹ́ni ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó délé, obìnrin tó ń gbé yàrá kejì ń sá aṣọ. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," ó sì yára wọlé, aṣọ tútù lọ́wọ́. Ìyá ò lè bá a wí. Òun náà ló fi báírò pupa tún ìkìlọ̀ tí onílé lẹ̀ mọ́ ògiri ṣe. Òun náà ló dá ọmọ obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ní kó tún ìkíni rẹ̀ sọ ní Gẹ̀ẹ́sì tó gún. Àwọn ará ilé kọ́kọ́ dẹ́kun Gẹ̀ẹ́sì sísọ níwájú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ kankan mọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọwọ́ rẹ̀ ni kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ọwọ́ yìí náà ló dá ìjà sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì tí wọ́n sin ìyá wọn, àbúrò rẹ̀ kọ lẹ́tà ojú ewé méjì ránṣẹ́ sí i, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, bóyá torí ó fẹ́ kó dùn mọ́ ẹ̀gbọ́n. Ó ní oṣù mẹ́jọ ni òun nìkan fi tọ́jú ìyá wọn, pé ẹ̀gbọ́n kàn ń wá lọ́jọ́ Àìkú ni, á jókòó díẹ̀, á lọ. Ó ní òun ò bínú, ó kàn rẹ òun ni, kí ẹ̀gbọ́n jọ̀wọ́ wá bá òun jókòó. Ìyá Kò-Sáṣìṣe ka lẹ́tà náà tomijétomijé. Bó ṣe ń kà á ló ń fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe, mẹ́rìnlá. Tòótọ́ tòótọ́, kò mọ ìgbà tó fà á. Ó wá kọ èsì sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yẹn náà, bí tíṣà ṣe ń ṣe, pé òun ń bọ̀ ní Sátidé, ó sì dá a padà.

Ó lọ ní Sátidé. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó kàn án títí, bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ́ tí rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ó jókòó sídìí tábìlì báyìí, ó mú ìwé. Ó kọ nípa omi tó ń hó. Ó kọ nípa oòrùn, ó kọ nípa ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó kọ ọ́ pé omi ti hó tán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa bá obìnrin náà mu tíì. Ó wò ó. Ó yẹ kó bà á jẹ́ níbì kan, kò lè bà á jẹ́. Àárò àbúrò rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an.

Ó fa fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i. Ó kọ ọ́, ó tún un kọ. Ó yọ ọ̀rọ̀ kan, ó fi òmíràn sí i. Nígbà tí oòrùn fi máa kúrò lójú fèrèsé, ìlà mẹ́ta ló kù, wọ́n mọ́ tónítóní, ẹnikẹ́ni lè fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Irú èyí tí ọ̀gá ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó sì tẹ nọ́ńbà àbúrò rẹ̀ kí ẹ̀rù tó bà á. Ó dún títí, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ gé.

"Àǹtí mi?"

Ìyá la ẹnu. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀.

"Mo... lẹ́tà yẹn. Oṣù mẹ́jọ, èmi ni mi ò... ìwọ lo wẹ̀ ẹ́. Mo wá ní Sátidé yẹn, mo gbọ́ rédíò. Rárá, kì í ṣe ti rédíò ni mo fẹ́ sọ. Dúró ná, jẹ́ kí n tún un sọ dáadáa."

Ó gbọ́ tí wọ́n wọ́ àga lọ́hùn-ún, tí ẹnì kan sì jókòó.

"Ẹ má tún un sọ," àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ máa sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀ lẹ́nu yín. Mi ò ní fa ìlà sí i."