Ìdáhùn Tí A Fojú Rí

Mo wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọmọbìnrin náà ya òpè, ẹ sọ fún un pé èmi Ginka ló ní kó panu mọ́, torí èmi náà jókòó síbẹ̀, ojú mi là kedere, ohun tó rí náà ni mo rí.

Sarnai ni orúkọ rẹ̀. Láti Mongolia ló ti wá sí Plovdiv, ìlú wa, wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà kíkan, yàrá ẹ̀yìn ilé mi ló sì ń gbé látọjọ́ tó ti dé. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń fún wàrà ẹṣin pàápàá, mo sì máa ń bi í pé kí ló wá kọ́ lọ́dọ̀ wa gan-an. Á ní, "Màmá, sùúrù ni." Ẹ̀rín á pa mí, torí bí wọ́n bá ń ta sùúrù lọ́jà, èmi ò ní í dúró kí wọ́n wọ̀n ọ́n tán.

Ọ̀rọ̀ orí ló kọ́kọ́ dà wá láàmú. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbà á gbọn orí sọ́tùn-ún sósì, ẹni tó bá kọ̀ á mi tiẹ̀ sókè sódò. Gbogbo ayé yòókù ló ń ṣe é sódì. Lọ́jọ́ tó dé, mo bi í bóyá kí n bu ọbẹ̀ fún un, ó mi orí sókè sódò, mo sì gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ febi sùn. Àmọ́ bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Kó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ti ń gbọn orí bíi tiwa, ó ń bá àwọn tó ń ta tòmátì jà bíi tiwa, èdè wa ló fi ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jáde ilé ìwé, káàdì akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ń gbé ìlú máa kú ni. Kalin, tó ni ilé iṣẹ́ wàrà lódìkejì odò, fẹ́ gbà á síṣẹ́, ó sì ti bá a kọ̀wé sí ọ́fíìsì àwọn àlejò pé kí wọ́n sọ ọ́ di òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá gbà, Sarnai ti di tiwa. Bí wọ́n bá kọ̀, àfi kó kúrò kí káàdì yẹn tó kú, torí ẹni tí wọ́n bá bá nílùú lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n á lé e, kò sì ní í rí ojú ọ̀nà padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. A dúró títí. Ọmọ náà ò sùn dáadáa mọ́, àwo tó ti mọ́ ló tún ń fọ̀.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọdún Jọ́jì Mímọ́ la lọ béèrè. Wọ́n máa ti ọ́fíìsì fún ìsinmi ọdún, àárín ìsinmi yẹn gan-an sì ni káàdì rẹ̀ máa kú. Èrò pọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítorí orúnkún mi, Sarnai lọ dúró níwájú gíláàsì. Obìnrin òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn gíláàsì gbé fóònù sétí, kò sì gbé e kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n ti gbà fún mi?"

Obìnrin náà wo kọ̀ǹpútà, ó wo ojú Sarnai dáadáa, ó wá mi orí sókè sódò, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Ó nawọ́ sí ìta.

A jáde. "Màmá, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Wọ́n kọ̀."

"Jẹ́ n padà síbẹ̀! Jẹ́ n lọ fọ́ gíláàsì yẹn mọ́ ọn lójú! Ká tiẹ̀ ní ajá ló béèrè ọ̀rọ̀, ṣé kò ní í lanu dá a lóhùn ni?"

"Ẹ má lọ, ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá bá wọn jà, wọ́n á ní èmi ni mo rán yín." Ó di ẹ̀wù mi mú.

Ó pe Kalin. "Wọ́n kọ̀ kẹ̀?" ni Kalin ń pariwo. "Kí ni wọ́n láwọn rí?" Lọ́yà rẹ̀ ti lọ sábúlé lọ jẹ ẹran àgùntàn ọdún, kò gbé fóònù. Kò sẹ́ni tá a lè bi títí ìsinmi ọdún á fi parí.

Lọ́jọ́ ọdún, tí gbogbo àdúgbò ń ta sánsán ẹran sísun, mo sin ọmọ yẹn dé ìdí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Istanbul, ibẹ̀ ló ti máa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kò sunkún. Èmi ni mo sun tàwa méjèèjì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ọ́fíìsì, mi ò jẹun kí n tó jáde. Èébú ni mo kó sẹ́nu. Mo rọ́ gbogbo èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ obìnrin yìí—"

"Ẹ káàárọ̀ mà," ló dá mi lóhùn. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ tẹ̀ lé ọmọ Mongolia yẹn wá? Ibo ló wọlé sí? Mo nawọ́ sí ìta fún un pé kó dúró kí n fi parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, kó wá tẹ̀ka. Ìgbà tí mo máa jáde, mi ò bá a."

"Kó tẹ̀ka nítorí kí ni?"

"Káàdì iṣẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n ti gbà fún un. Mo kúkú sọ fún un."

"O sọ fún un? Ṣé kì í ṣe báyìí lo ṣe?" Mo mi orí mi débi tí ọrùn fi dùn mí.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mà. Àlejò ni. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn, kó má bàa ṣì mí gbọ́."

Gbogbo èébú tó wà lẹ́nu mi gbẹ. Mo sọ fún un pé ọmọ náà ti wọ bọ́ọ̀sì lọ, ó ti dé ilé ìyá rẹ̀. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà.

"Ó ti jáde? Ẹni tó bá jáde kó tó tẹ̀ka, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, mà. Kò ní káàdì kankan mọ́. Ọ̀hún ló ti máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lè kọ̀." Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Nítorí tiẹ̀ ni mo ṣe é o. Ta ló sọ fún mi pé ó ti di ara wa?"

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, mo pe Sarnai. Mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Sarnai, wọ́n gbà fún ẹ. Lọ́jọ́ yẹn. ‘Bẹ́ẹ̀ ni’ lobìnrin yẹn ń sọ. Ó mi orí bí àwọn ará ilé ẹ ṣe ń mi orí ni."

Mo gbọ́ tó jáde kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá," ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọ kékeré lọ, "kí ló dé tí kò gbọn orí bí ọmọ èèyàn?"